Ìdérí gíríìlì sẹ̀rámíìkì tó ń dì pa nígbà òtútù: inú ni omi náà ti ń wá

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi, ó ní: "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, gíríìlì sẹ̀rámíìkì tí mo rà, láti ìgbà tí òtútù ti mú yìí, bí mo bá lò ó lálẹ́, tó bá di ọjọ́ kejì ìdérí rẹ̀ kì í ṣí mọ́, ó ti dì mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo máa ń da tápólì bò ó kí sínóò má baà kàn án, síbẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́sí mo fipá fà á, aṣọ tó wà létí ẹ̀ yẹn sì ya níbì kan. Àbúrò mi ní kí n da omi gbígbóná sí i, ẹlòmíì ní kí n fi òróró pa á létí. Ṣé kì í ṣe pé èyí tí wọ́n tà fún mi ló ní àbùkù? Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìrọ́jú. Kí n tó sọ nǹkan míì, ti omi gbígbóná yẹn ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀, torí bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ àbúrò yín lè ti gbé kẹ́túlù sórí iná: ẹ má dà á sí i o, ẹ jọ̀ọ́. Sẹ̀rámíìkì, ìyẹn amọ̀ sísun tí wọ́n fi mọ gíríìlì náà, kì í tètè jẹ́ kí ooru wọ inú. Bí omi tó ń hó bá bà á lójijì nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ ti tutù rinrin, ojú ibi tí omi bà á fẹ́ fẹ̀, inú tó ṣì tutù kò gbà fún un, wọ́n á máa fa ara wọn títí ibì kan á fi là. Ìdérí tó bá ti là, kò ṣeé lẹ̀ padà bíi ti tẹ́lẹ̀, odindi ìdérí lẹ máa wá rà. Ká tiẹ̀ ní kò là, omi tẹ́ ẹ dà yẹn á ṣàn wọ àárín ìdérí àti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan an sì ni wàhálà wà, tó bá fi máa ṣe díẹ̀ òun náà ti di yìnyín kún èyí tó wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti àbùkù tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù, ẹ fọkàn balẹ̀. Nínú àwọn gíríìlì sẹ̀rámíìkì tí wọ́n ń tà, Big Green Egg ni o, Kamado Joe ni o, Primo ni o, kò sí èyí tí kò lè ṣe é níbi tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ọ̀rọ̀ tápólì yẹn ló jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ gbà pé sínóò ni ọ̀tá, ìyẹn lẹ ṣe ń bò ó, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì rò bẹ́ẹ̀. Sínóò lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, a máa dé ibẹ̀, àmọ́ omi tó ń lẹ ìdérí yẹn pa láàárọ̀, inú gíríìlì fúnra rẹ̀ ló ti ń wá jù, látinú nǹkan tẹ́ ẹ sun lálẹ́ àná. Tẹ́ ẹ bá fi tápólì mẹ́ta bò ó, omi inú kò mọ̀ pé wọ́n bo nǹkan kan.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹran tútù tí kò lọ́ràá, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ omi ni. Tẹ́ ẹ bá fi iná jẹ́jẹ́ sun ẹran ńlá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó lè pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀, omi ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó lọ yẹn. Èédú náà ní omi lára, pàápàá èyí tó ti ń gba afẹ́fẹ́ níta, igi tẹ́ ẹ jù sí i kó lè rú èéfín tiẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí iná fi ń jó, omi yìí ń bá èéfín jáde láti òkè, kò sí ìṣòro. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ṣe tán, tẹ́ ẹ wá dí ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ pa kí iná lè kú, kí èédú tó ṣẹ́kù má ṣòfò. Ohun tó dáa lẹ ṣe o, bó ṣe yẹ kí wọ́n pa iná gíríìlì yìí nìyẹn, àmọ́ ìṣẹ́jú yẹn gan an lẹ ti gbogbo oru omi tó kù mọ́nú. Bí ara sẹ̀rámíìkì ṣe ń tutù, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kò lè gbé omi yẹn mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, bí ọmọrí ìkòkò ṣe máa ń kún fún omi tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò sọ̀ tẹ́ ẹ ò ṣí i. Omi yẹn á wá máa ṣàn bọ̀ lára ògiri ìdérí, díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé etí rẹ̀. Kí ló wà létí rẹ̀? Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn aṣọ etí ẹ̀ tẹ́ ẹ ní ó ya yẹn.

Kì í ṣe omi tó pọ̀ rárá, ó lè má kún ife kékeré, àmọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì kò nílò jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn gíríìlì yìí, aṣọ onírun tó nípọn ni wọ́n fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀kan sétí ìdérí, wọ́n lẹ ìkejì sétí ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń pàdé tẹ́ ẹ bá pa á dé. Aṣọ yẹn ń fa omi mu. Ìdérí tó wúwo wá tẹ̀ wọ́n mọ́ra, omi wọ irun tòkè, ó wọ irun tìsàlẹ̀, nígbà tí òtútù bá wá mú un tó di yìnyín, ó tún fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di irun méjèèjì mú pinpin, wọ́n di ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ya. Ẹ fà á, yìnyín kò gbà, gọ́ọ̀mù ló gbà. Gọ́ọ̀mù ló rọ jù nínú gbogbo wọn, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣí i lè yẹ̀, bẹ́líìtì irin tó di ìdérí mú lè sún, mo sì ti rí èyí tí sẹ̀rámíìkì bó létí torí pé ẹnìkan ki sukudiráfà bọ àárín ẹ̀ tó ń fi tú u. Àwọn èyí tó ní sípíríǹgì tó ń bá èèyàn gbé ìdérí sókè, ẹ ṣọ́ra sí i, torí sípíríǹgì yẹn náà ń fà á ní tiẹ̀, ìgbà tí yìnyín bá já lójijì, ìdérí lè fò sókè mọ́ yín lójú.

Tó bá jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lẹ ti ń wá ojútùú, ó ti pẹ́ jù nìyẹn. Alẹ́ àná, nígbà tẹ́ ẹ gbé oúnjẹ kúrò, ni iṣẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e kúrò, ẹ má tíì dí ihò kankan. Ẹ yọ àwo tó gba ọ̀rá àti omi ẹran kúrò níbẹ̀, torí tó bá dúró síbẹ̀ òun náà á máa tú oru sílẹ̀, ẹ pa ìdérí dé, ẹ wá ṣí ihò òkè àti ìsàlẹ̀ dáadáa, kí iná gbéra díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí tẹmọ́mítà lọ sí bíi 200°C tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gba ibẹ̀ kọjá yẹn á kó omi inú ẹ̀ jáde, ara sẹ̀rámíìkì nínú lọ́hùn-ún tí kò ní dídán á gbẹ, etí gásíkẹ́ẹ̀tì náà á gbẹ. Ìgbà yẹn lẹ máa wá dí ohun gbogbo pa. Ó máa jẹ èédú díẹ̀, mo mọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ èédú lò kò fẹ́ràn kí n máa sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ èédú díẹ̀ yẹn kò tó owó gásíkẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ má sì jẹ́ kó lọ jù ṣá, torí iná tó le jù náà ń jó gásíkẹ́ẹ̀tì onírun, kì í ṣe pé ká sá fún yìnyín ká wá fi iná ba nǹkan jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti dí ihò pa tán tẹ́ ẹ wá rántí nǹkan kan nínú ẹ̀, ẹ má ṣí ìdérí gbàgà. Iná tí wọ́n ti fún lọ́rùn ń wá afẹ́fẹ́ lójú méjèèjì, tí afẹ́fẹ́ bá wọlé lójijì ó lè bù jáde sí yín lójú. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ bí ìka méjì, ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá ṣí i tán.

Tẹ́ ẹ bá lè ṣe ìyẹn nìkan, ó máa dín in kù gan an, àmọ́ níbi tí òtútù bá ti mú kọjá sísọ mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà pé òun nìkan tó, torí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé láti ìta náà ní ìrì tiẹ̀. Ohun tó tún yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ jáde sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó sùn. Sẹ̀rámíìkì ń di ooru mú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìyẹn fún yín láyè: iná ti kú, ara rẹ̀ ti lọ́wọ́ọ́wọ́, kò tíì dé òdo. Ẹ ṣí ìdérí jẹ́jẹ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu etí méjèèjì, ẹ nu ògiri inú ìdérí náà tó bá ń làágùn, kẹ́ ẹ wá fi nǹkan sáàárín kí aṣọ òkè má fara kan tìsàlẹ̀. Bébà tí wọ́n máa ń tẹ́ sínú páànù tí wọ́n bá fẹ́ yan nǹkan ni mo fẹ́ràn jù, ẹ gé e gbọọrọ gbọọrọ, ẹ tò ó yíká, kẹ́ ẹ pa ìdérí dé lé e. Kì í fa omi mu, tí yìnyín bá sì mú, bébà ló máa ya, gásíkẹ́ẹ̀tì á wà níbi tó wà. Fọ́ìlì náà ń ṣe é, àwọn kan sì fẹ́ràn ẹ̀ jù torí kò ní jó tí èèyàn bá gbàgbé yọ ọ́. Ìyẹn gan an ni aburú tó wà nínú bébà: tí ara gíríìlì bá ṣì gbóná tí wọ́n fi bébà sí i, á jó, tí èèyàn bá sì gbàgbé tó wá dáná lọ́jọ́ kejì, á rú èéfín sínú oúnjẹ. Mo máa ń jẹ́ kí ẹnu bébà yọ síta díẹ̀ lápá iwájú kó lè hàn sójú. Gbogbo èyí, ẹ rí i dájú pé iná ti kú pátápátá kẹ́ ẹ tó ṣe é, torí ẹ̀yinná kan tó bá ṣì wà láàyè lábẹ́ eérú, afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ fún un yẹn tó o láti sọjí. Tó bá jẹ́ alẹ́ patapata lẹ parí, tí iná kò sì tíì kú títí ẹ fi fẹ́ sùn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ìdérí dì pa ju kí iná máa jó níta nígbà tẹ́ ẹ ti sùn.

Àwọn kan kì í fi bébà sí i, igi kékeré ni wọ́n máa ń há sáàárín kí ìdérí máa ṣí díẹ̀ sílẹ̀ mọ́jú. Ó ń ṣiṣẹ́, kódà ó ń ṣiṣẹ́ ju bébà lọ torí afẹ́fẹ́ ń gba inú ẹ̀ kọjá, omi kò ráyè kó jọ. Àmọ́ abẹ́ òrùlé nìkan ni mo lè ní kí èèyàn ti ṣe é. Níbi tí kò sí òrùlé, sínóò tí atẹ́gùn ń gbé kiri á wọlé, èédú á rin, eérú á rin, ẹ tún ti fi omi kún omi. Tẹ́ ẹ bá ní búkà tàbí ibi tí wọ́n bò lókè tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí tí òtútù bá ti wọlé. Gáréèjì ńkọ́? Tó bá ti tutù látòkè délẹ̀, tí èédú inú ẹ̀ ti kú tí ilẹ̀ mọ́ lé e lórí, ẹ lè gbé e síbẹ̀, kò burú. Kẹ́ ẹ tanná sí i níbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé e wọlé nígbà tí ẹ̀yinná ṣì wà nínú ẹ̀, rárá o, kódà kí ilẹ̀kùn gáréèjì ṣí sílẹ̀. Èédú ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní káábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáídì sílẹ̀, kò lóòórùn, kò ṣeé fojú rí, ó sì ń pa èèyàn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú nítorí ìdérí.

Ká wá padà sórí tápólì yín. Mi ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tápólì tí afẹ́fẹ́ kò lè gba ara rẹ̀ kọjá, tẹ́ ẹ bá dà á bo gíríìlì tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú, omi á máa kán láti ara rẹ̀ sórí ìdérí, á wá máa ṣàn lọ sétí. Ẹ dúró kí gíríìlì tutù tán, kẹ́ ẹ gbá omi tàbí sínóò orí ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tó bò ó, ẹ má sì so ìsàlẹ̀ ẹ̀ pa, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ wọlé. Sínóò tó bá ti wà lórí ìdérí kẹ́ ẹ tó dáná, ẹ gbá a kúrò pátápátá, torí iná á yọ́ ọ, omi ẹ̀ á ṣàn wá sáàárín àwọn bẹ́líìtì irin méjèèjì tó yí i ká, ibẹ̀ dà bí kòtò, omi kì í tètè kúrò ńbẹ̀, nígbà tí iná bá kú ibẹ̀ ló máa ti dì. Ìdérí òkè pátápátá, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ fi ń dí ihò èéfín, òun náà ń dì, pàápàá tó bá jẹ́ irin, òróró fẹ́ẹ́rẹ́ lára irin yẹn ṣàǹfààní, kì í jẹ́ kó dípẹtà bẹ́ẹ̀ ni yìnyín kì í tètè lẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn ihò ìsàlẹ̀ sì wà, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ẹ máa kó eérú jáde tó bá ti tutù, torí eérú tó bá mumi ń di bíi amọ̀, ó ń dì mọ́ ilẹ̀kùn yẹn, ọjọ́ tí ìdérí ńlá bá wá dì pa, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ lẹ máa nílò jù.

Torí ibẹ̀ lẹ máa gbà tú u. Tó bá ti dì pa, tí gbogbo ohun tí mo sọ yìí kò bọ́ sí i tàbí ẹ gbàgbé, ẹ má fà á, ẹ má lù ú, ẹ má ki nǹkan bọ àárín ẹ̀. Tí iná mànàmáná bá wà nítòsí, tí ilẹ̀ kò rin, tí òjò tàbí sínóò kò sì rọ̀ lọ́wọ́, dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, ẹ máa gbé e yípo etí náà, ẹ má dá a dúró sójú kan, ó lè gbà tó ìdajì wákàtí, ẹ ní sùúrù. Tí kò bá sí iná níta, ẹ wò ó bóyá ìdérí ihò òkè ṣeé yọ. Tó bá ṣeé yọ, tí èédú sì ṣẹ́kù nínú ẹ̀ láìsí àwo tàbí òkúta tó dí òkè èédú náà, ẹ lè ju ẹyọ kan nínú àwọn nǹkan kékeré tí wọ́n fi ń dáná sí èédú, èyí tẹ́ ẹ ti ṣáná sí, gba ihò òkè wọlé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Tí àwo bá wà níbẹ̀, ìyẹn kò ní ṣiṣẹ́, ẹ gba ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ tan èédú. Ẹ fi iná náà sí kékeré ṣá o, kó má ju bíi 100°C lọ títí ìdérí á fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀, torí sẹ̀rámíìkì tó ti mumi tó sì dì kò fẹ́ iná ńlá lójijì, ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú omi kẹ́túlù. Ẹ máa dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ fẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró bíi kí aṣọ máa ya, ẹ fi sílẹ̀, kò tíì tó.

Òróró tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi pa gásíkẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, wọ́n sì ní ó ṣiṣẹ́ fún wọn. Èmi kò gbà á wọlé. Aṣọ onírun yẹn á fa òróró mu bó ṣe ń fa omi mu, ooru á wá mú kó di bíi gọ́ọ̀mù dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó fi jẹ́ pé nígbà ooru gan an ìdérí á tún máa lẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó tún lè gbiná. Irin ni òróró wà fún, kì í ṣe aṣọ. Iyọ̀ náà, ẹ má bù ú sí i, ó ń jẹ bẹ́líìtì àti nọ́ọ̀tì. Antifreeze tí wọ́n ń dà sínú mọ́tò, májèlé ni, kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ rárá.

Èyí tó ti ya ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ó kàn ṣí díẹ̀ níbì kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí àyè ẹ̀, ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀, èéfín díẹ̀ á máa yọ níbẹ̀, ìgbóná rẹ̀ á fẹ́ ṣòro díẹ̀ láti mú dúró sójú kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má lẹ tuntun nínú òtútù, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ń fẹ́ ibi tó gbẹ tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ báyìí kò ní pẹ́ tí á fi ṣí. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá yá, ẹ ha èyí tó wà ńbẹ̀ kúrò dáadáa títí kan gọ́ọ̀mù àtijọ́, kẹ́ ẹ wá lẹ tuntun. Tẹ́ ẹ bá ń gbé níbi tí òtútù ti máa ń pẹ́ kó tó lọ, mo máa ní kẹ́ ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi fáíbà àti wáyà hun, irú èyí tó wà lára Kamado Joe Classic II. Kì í mumi tó ti onírun, ó sì ń fara da iná jù ú lọ. Kò wá túmọ̀ sí pé kò lè dì o, omi tó bá wà láàárín òwú ẹ̀ á ṣì di yìnyín, bébà àti aṣọ ìnuwọ́ ò tíì parí iṣẹ́. Àwọn kan yọ gásíkẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá, wọ́n ń lo sẹ̀rámíìkì lórí sẹ̀rámíìkì, mi ò lè dá a lábàá fún yín, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀ tí iná kò fi ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, etí ẹ̀ sì lè máa bó tí ìdérí bá balẹ̀ lójijì.

Nǹkan kan wà tí mi ò lè wò fún yín láti ibi tí mo wà. Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti fipá fà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èékánná tọ etí ìdérí àti etí ìsàlẹ̀ yíká nígbà tó bá gbẹ. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú dídán rẹ̀, tí èékánná kò lè há sí, kò burú, ọ̀pọ̀ gíríìlì ló ní in. Àmọ́ tí èékánná bá há sí ibì kan, tí ìlà náà sì gba inú yọ síta, ẹ má dáná sí i mọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é pẹ̀lú rìsíìtì yín, kẹ́ ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan an fún wọn. Ẹ yẹ nọ́ọ̀tì bẹ́líìtì méjèèjì wò pẹ̀lú, kẹ́ ẹ rí i pé ìdérí kò tíì sún kúrò ní àyè ẹ̀, kẹ́ ẹ tó tún gbé e sókè.